Lẹ́tà Tó Lọ Bá Àwẹ̀ró

Phebe ló ni ìwé orúkọ yẹn. Mo fẹ́ kí èyí yé yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí pé títí dòní, bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ náà ní Òkè-Baálẹ̀, ohun tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ló ba iṣẹ́ Alhaji jẹ́. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi Nọ́síràtù ti ń di ọṣẹ ní ìsọ̀ náà, kò sì sí lẹ́tà tó jáde níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ sí, torí èmi náà ni mo ń di ọjà tí lẹ́tà bá tà.

Ọṣẹ dúdú là ń tà. Àgbékẹ́, ìyá Alhaji Mùyídéènì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ó ń fi eérú èèpo kòkó àti àdí sè é. Nígbà tí màmá kú, Alhaji gba ìsọ̀ sí etí títì, ó ń bu ọṣẹ sínú ike, ó lẹ àwòrán ìyá rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó wá di pé àwọn ará Àbújá àti ti ìlú òyìnbó ń béèrè, Alhaji ní a nílò ẹni tó gbọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí Phebe ṣe dé nìyẹn, ọdún méje sẹ́yìn, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù kan tó fi rọ́bà so ní ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà ya.

Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, èèyàn kúkúrú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá fẹ́ pe ilé, "ulé" ló ń pè é, àwa ọmọ Òṣogbo a sì máa rẹ́rìn-ín. Alhaji a ní, "Òṣómàáló ti dé o, ẹ kó ẹrù yín pamọ́!" Phebe kì í bínú. Ó ní bàbá àgbà òun ṣe iṣẹ́ Òṣómàáló lóòótọ́, ó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, kò sì sí ilé tó wọ̀ tí kò mọ orúkọ ìyálé ibẹ̀. Kó tó tú ẹrù, á ti kí gbogbo ilé, á ti béèrè ọmọ tó ń wúkọ́ nígbà tó wá kẹ́yìn.

Ó ní, "Bí ímeèlì náà ṣe rí nìyẹn, sà. Aṣọ ló ń kẹ́yìn."

Orí èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ náà, nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Kì í kọ̀wé sí ẹni tí kò bá gbà pé kó kọ ọ́. Ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn nígbà kan, ó fẹ́ ta orúkọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn fún Alhaji, ojú Alhaji sì ti ń tàn yinrin. Phebe ní, "Sà, bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí bá kan ilẹ̀kùn yín, tó ní kí ẹ wá ra ọṣẹ, ṣé ẹ máa ṣí i?" Alhaji dá ọkùnrin náà padà, inú rẹ̀ ò sì dùn.

Ẹni tó bá ra ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan, Phebe á pè é. Á béèrè bóyá kí a máa kọ lẹ́tà sí i. Bí onítọ̀hún bá gbà, ìbéèrè kejì ni, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì yín?" Oríkì náà ló máa ń wà ní àkọlé lẹ́tà. Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin tó ti wà ní Kánádà láti ogún ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò pè ní Àjọkẹ́ mọ́ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo fóònù, ó rí i: "Àjọkẹ́, ṣé òtútù ti dé ọ̀dọ̀ yín?" Ṣé ẹni yẹn ò ní ṣí i? Bó bá ṣí i, ìkíni ló máa kọ́kọ́ bá, ọ̀rọ̀ nípa òjò Òṣogbo, nípa ọjà tó wọ́n, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọṣẹ tó máa yọjú. Phebe sì mọ ìgbà tí ọṣẹ ń tán. Ike ńlá kan ń tó ẹni kan lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà ti dé. Nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tó bá jáde, wọ́n máa ń ṣí àádọ́rin. Mo sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní Èkó, ó ní irọ́ ni mò ń pa.

Ẹni tí kò bá wá ṣí lẹ́tà mẹ́ta tẹ̀léra wọn, Phebe kì í fi ẹ̀kẹrin yọ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́tà kan wà tó ń kọ sí irú wọn, tí kò ní ọṣẹ nínú rárá: "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ dákẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ṣé àlàáfíà ni?" Ẹ má gbàgbé lẹ́tà yìí. Kò sí èyí tí àwọn èèyàn ń dáhùn tó o. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ òun ló dí. Ẹlòmíràn á ní kí á má kọ̀wé sí òun mọ́, Phebe á dúpẹ́, á gbé orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé kejì nínú ìwé orúkọ náà. Nígbà mìíràn, ọmọ ẹni náà ló máa dáhùn pé ìyá àwọn ti lọ. Phebe á kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọmọ náà fúnra rẹ̀, á wá gbé orúkọ ìyá lọ sí ojú ewé kẹta. Ó fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ ọ́ sí òkè ojú ewé yẹn: ÀWỌN OLÓÒGBÉ.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò kàn pa wọ́n rẹ́.

Ó ní, "Àǹtí Nọ́síràtù, bí olóògbé bá pé ọdún kan, mo máa ń kí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ti pa nọ́ńbà ìyá yín rẹ́ nínú fóònù?"

 Nọ́ńbà ìyá mi ṣì wà nínú fóònù mi di òní.

Ìyá tirẹ̀ ni orúkọ àkọ́kọ́ lójú ewé kìíní. Tíṣà ni màmá náà kó tó fẹ̀yìn tì, Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀, Phebe nìkan ló bí. Kò sí lẹ́tà tó máa jáde tí kò ní kọ́kọ́ lọ bá a ní Iléṣà. Bó bá kà á tán, á pè, Phebe á gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. "Ọma mi, ẹsẹ̀ kẹta yẹn ti gùn jù. Ìgbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè àlàáfíà ẹni, ṣé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ náà ló yẹ kó o béèrè owó?" Phebe á sì tún un kọ. Mo máa ń sọ pé ọ̀gá méjì la ní ní ìsọ̀ yẹn, ọ̀kan ń gbé Òkè-Baálẹ̀, èkejì ń gbé Iléṣà, ti Iléṣà ló sì mọ iṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọjọ́ mẹ́fà là ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọjọ́ Sunday nìkan ni Phebe ń ráyè lọ wò ó. Ó sọ fún Alhaji pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí òun lè padà sọ́dọ̀ ìyá òun. Àyà Alhaji já. Ojú mi báyìí ló ṣe ṣèlérí fún un: "Phebe, ọjọ́ tí ìwé orúkọ yẹn bá pé ẹgbẹ̀rún méjì, wallahi, màá ṣí ìsọ̀ sí Iléṣà. Ìwọ lo máa ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ilé ìyá rẹ lo ti máa wá síṣẹ́." Ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ la ní nígbà náà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ọmọbìnrin yìí wá gbájú mọ́ ọn. Kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni, kò ra orúkọ, ó ń kó wọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, oríkì lẹ́yìn oríkì. Ní oṣù kìíní ọdún yìí ni ìwé orúkọ pé ẹgbẹ̀rún méjì. Ó ra pọ́fpọ́ọ̀fù fún gbogbo wa, ó pe ìyá rẹ̀, a sì gbọ́ bí màmá ṣe ń fi orin dúpẹ́ nínú fóònù. Alhaji ní, "Alhamdulillah. Ẹ jẹ́ kí ààwẹ̀ kọjá ná."

Ààwẹ̀ ò tíì kọjá tí wọ́n fi gbé màmá lọ sílé ìwòsàn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká túnu, Phebe kúnlẹ̀ ní ìsọ̀, ó ní kí Alhaji jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun lọ. Mò ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo ti ń di ọṣẹ.

"Lẹ́tà Ìtúnu Ààwẹ̀ rèé, Phebe. Òun ni gbogbo wa máa jẹ títí Iléyá fi máa dé. Jẹ́ kó jáde. Bí ọdún bá ti kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni màá fún ọ."

"Sà, ṣé kí n gbé láptọ́ọ̀pù dání? Màá fi ránṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn."

"Rárá o. Ìwé orúkọ mi kì í jáde ní ìsọ̀ yìí."

Ìwé orúkọ mi! Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí kò lè ka èèyàn mẹ́wàá nínú wọn sílẹ̀. Mo tẹrí ba, mo ń di ọṣẹ lọ, mi ò gbèjà rẹ̀. Ìtìjú èyí wà lọ́rùn èmi náà, mi ò ní parọ́.

Phebe jókòó, ó kọ lẹ́tà. Bó ṣe máa ń ṣe, ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sán, èsì dé, gbólóhùn méjì péré: "Ó dáa, ọma mi. Máa fi ránṣẹ́." Ó fi í ránṣẹ́ ní agogo méjì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo mẹ́rin lù, aládùúgbò wọn kan pè é. Ó sáré, ó wọkọ̀, ó dé Iléṣà. Aṣọ ò bá Ọ̀mọ́yẹ mọ́. Wọ́n ti da aṣọ bo màmá lójú.

Lẹ́tà yẹn ta ju gbogbo èyí tó ti ń jáde lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi di ọjà.

Alhaji wá síbi ìsìnkú, ó sì náwó, mi ò lè sọ pé kò wá. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ìsọ̀ Iléṣà mọ́. Nígbà tí Phebe padà síṣẹ́, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ṣí ìwé orúkọ, ó gbé Àwẹ̀ró kúrò lójú ewé kìíní, ó gbé e sí ojú ewé kẹta. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò sunkún. Fóònù ìyá rẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀ látìgbà náà, ó máa ń tàn án lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, torí gbogbo èsì tí màmá fi ń dáhùn lẹ́tà wa ló wà níbẹ̀, á ka ọ̀kan tàbí méjì, á tún pa á.

Oṣù kẹfà ni Mukhtar, ọmọ Alhaji, dé láti Èkó. Bàbá rẹ̀ fi ṣe ọ̀gá. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, "Àǹtí Phebe, ẹ kú iṣẹ́" ló ń wí. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, "Phebe, níbo lo gbé e sí?" ló kù. Ìsọ̀ kejì ṣí lóòótọ́, Èkó ni wọ́n ṣí i sí. Mukhtar ní àwọn kan fẹ́ kówó lé òwò náà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ mọ iye èèyàn tí à ń kọ lẹ́tà sí, bí iye náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni ojú wọn á ṣe tàn tó. Ó ní kí Phebe kó ìwé orúkọ fún òun.

Mo fà á lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Mo ní, "Má fún un. Orí tìrẹ ló ti jáde. Gbé e lọ sí Iléṣà, kó o sè ọṣẹ tìrẹ. Àwọn oníbàárà máa tẹ̀ lé ọ débẹ̀."

Ó ní, "Àǹtí mi, wọn ò sọ oríkì wọn fún mi kí n lè fi jalè."

Ó kó o fún un. Ó tún jókòó tì í, ó ṣàlàyé: ojú ewé kìíní, àwọn tó fẹ́ lẹ́tà nìyí. Ojú ewé kejì, àwọn tó ní ká má kọ̀wé mọ́. Ojú ewé kẹta, olóògbé ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. Mukhtar ní, "Ó yé mi, ó yé mi," kò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Alhaji pe Phebe, ó ní kó máa palẹ̀ mọ́, pé Mukhtar ti gba iṣẹ́ náà, òpin oṣù kẹjọ ni yóò máa lọ.

Ọjọ́ tó ń palẹ̀ mọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Mukhtar ti da ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí iye lè pọ̀. Ó wá wo gbogbo lẹ́tà tí Phebe ti kọ láti ọdún méje, ó ń wá èyí tí àwọn èèyàn dáhùn jù. Ó rí i: "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ dákẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ṣé àlàáfíà ni?" Iye èsì ló kà, kò ka èsì. Ó fi gbólóhùn kan kún un nísàlẹ̀, "Ẹ ra méjì, ẹ gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́," ó fi oríkì oníkálukú sí i lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀.

Ọwọ́ mi ni fóònù ìsọ̀ wà. Kí agogo mọ́kànlá tó lù, ó ti ń dún láìdákẹ́. Ọkùnrin kan kọ̀wé láti Ìbàdàn: "Ta lẹ ń pè ní Àbẹ̀kẹ́? Ìyá wa ti pé ọdún kan nínú ilẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ̀wé kẹ́dùn sí wa." Obìnrin kan pè, kò lè sọ̀rọ̀, ẹkún ló ń sun. Ẹlòmíràn ṣépè, irú èpè tí èèyàn ò lè tún sọ. Àwọn tó ti ní ká má kọ̀wé sí àwọn mọ́ fi ẹjọ́ wa sun iléeṣẹ́ tó ń bá wa gbé lẹ́tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ náà kìlọ̀ fún wa lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ kejì wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ wa, títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì ṣí i.

Alhaji jáde síta. Mukhtar ti ń sọ fún un pé ìwé orúkọ tí Phebe kó fún òun ò dára. Ẹni tó kìlọ̀, tó kọ̀wé, tó tún fi lẹ́tà pupa sí i!

"Phebe! Ìwọ lo kó orúkọ òkú sínú ìwé mi?"

"Sà, mo sọ fún Mukhtar pé—"

"Jókòó síbẹ̀. Kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ẹyọ kan, kó o fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Sọ pé a máa fún wọn ní ike ọṣẹ kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́."

Phebe ò jókòó. Ó ní, "Alhaji, olóògbé mọ́kànlélógójì ló wà lójú ewé yẹn. Mo mọ ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbà, màá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọṣẹ ọ̀fẹ́ bẹ ọmọ olóògbé."

Alhaji ní kó jáde. Ó ní ọmọ aláìmoore ni, pé òun ló mú un jókòó sídìí tábìlì látọdún méje. Àwọn ará àdúgbò ti dúró, wọ́n ń wò. Ibẹ̀ ni ìròyìn tí wọ́n ń sọ kiri ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bá a ru ẹrù rẹ̀ dé Old Garage, mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A jókòó sínú ọkọ̀ Iléṣà, à ń dúró kí èrò kún, awakọ̀ ń pariwo pé ó ku ẹni méjì.  Phebe mú fóònù ìyá rẹ̀ jáde, ó tàn án, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Fóònù náà dún lẹ́ẹ̀kan. Ó wò ó, ó wò ó títí, ó wá nà án sí mi.

"Àwẹ̀ró, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ dákẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ṣé àlàáfíà ni?"

Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Òun ló kọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àyàfi ra méjì gba ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti wá sunkún, ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú. Mo dì í mú. 

Nígbà tó gba fóònù padà, ó wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. Gbólóhùn kan máa ń wà níbẹ̀, òun náà ló kọ ọ́: bí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa mọ́, ẹ tẹ ibí yìí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé kékeré kan ṣí, ó ní ó dun àwọn pé ẹ ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí nìdí? Àyè wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀. Phebe nu ojú rẹ̀, ó kọ̀wé díẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Fóònù ìsọ̀ dún nínú àpò mi. Èrò ti kún, mo sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ wọn gbéra.

Ìdí òpó iná kan ni mo ti kà á. Ohun tó kọ nìyí: "Mo kú nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí Ìtúnu Ààwẹ̀ yín. Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà, ó ń kọ lẹ́tà. Àwẹ̀ró."

Mo padà sí Òkè-Baálẹ̀. Mo ṣí èsì náà sílẹ̀, mo gbé fóònù síwájú Alhaji lórí tábìlì, mo sì dúró kó kà á. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó wá gbójú sókè wò mí.

Ó ní, "Nọ́síràtù, ta ni oníbàárà yìí?"